Oorun Ọ̀sán Kíláàsì Wa

Ariwo ọmọdé kì í bà mí lẹ́rù. Ilé tí yàrá ti kojú síra wọn ní Múṣin ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí ọmọ bíi mélòó kan ti ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè pé kí ló dé. Ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń já mi láyà. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá dákẹ́ jù, yálà ó ń ba nǹkan jẹ́ níbì kan, tàbí nǹkan kan ń ṣe é. Mo mọ èyí dáadáa kí n tó fẹsẹ̀ kan ilé-ìwé yẹn, síbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí bí kíláàsì wa ṣe ń dákẹ́ lọ́sàn-án, ńṣe ni mo ń yọ̀.

Asístáǹtì ni mí. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní tíṣà o. Tíṣà ló ń dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Asístáǹtì ló ń nu imú, ló ń nu ìdí, ló ń wá ẹsẹ̀ bàtà tó sọnù, ló ń jókòó sórí àga ọmọdé títí orúnkún rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Sùúrùlérè ni ilé-ìwé náà wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ya ehoro àti kìnnìún sára ògiri rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn débẹ̀ láti ilé wa. Obìnrin tó ni ilé-ìwé, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é, àti òṣìṣẹ́ àti òbí. Tíṣà tí mo ń ràn lọ́wọ́, Àǹtí àgbà ni èmi ń pè é, nítorí pé ó fi ọjọ́ orí jù mí lọ dáadáa. Kò pariwo mọ́ ọmọ rí. Kò na ọmọ rí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ débi pé tó bá ń bá ọmọ wí, o máa rò pé ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé-ìwé fúnra rẹ̀ lọ.

Òfin kan ni Mọ́mì kọ́kọ́ kà sí mi létí, kó tó tiẹ̀ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn mí: asístáǹtì kì í bá òbí sọ̀rọ̀. Kí n kí wọn, kí n gba báàgì, kí n gba ọmọ, ó parí. Ohunkóhun tó bá kan ọmọ, tíṣà kíláàsì ló máa sọ ọ́, tàbí kó kọ ọ́ sórí wáàsáàpù kíláàsì, èmi ò sì sí lórí wáàsáàpù náà. Mo rò pé ìgbéraga lásán ni. Mo sọ nínú mi pé ẹ̀yin lẹ mọ̀, ẹnu tèmi á sinmi.

Bí àwọn ọmọ bá ti jẹun ọ̀sán tán, oorun ló kàn. A ó tẹ́ ẹní onírọ́bà sílẹ̀, a ó fa kọ́tìnnì, wọ́n á sì dùbúlẹ̀ ní ìlà. Ní àwọn kíláàsì yòókù, ìjà ni. Ẹ ó máa gbọ́ tí asístáǹtì ibẹ̀ ń halẹ̀, tí ọmọ kan fẹ́ tọ̀, tí òmíràn ń pe ìyá rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa, kí n tó tẹ́ ẹní tó kẹ́yìn, àwọn tó ṣáájú ti sùn lọ. Ọmọ tó jẹ́ pé láàárọ̀ ló gun tábìlì, tó gé ẹnì kejì rẹ̀ jẹ, á nà gbalaja, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, itọ́ á máa ṣàn sórí ẹní. Eṣinṣin á bà lé e létè, kò ní mira.

Bí òbí tuntun bá fẹ́ wá wo ilé-ìwé, ọ̀sán ni Mọ́mì máa ń ní kí wọ́n wá. Á mú wọn gòkè dé ẹnu ọ̀nà wa, á fi ìka kan ètè, á rọra sí kọ́tìnnì díẹ̀. Àwọn ìyá á di àyà mú. "Ẹ gbà mí o, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Àǹtí àgbà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ìfẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wo ilé-ìwé mìíràn mọ́ lẹ́yìn èyí.

Kí àwọn ọmọ tó mu tíì ọ̀sán tí wọ́n gbé wá láti ilé, Àǹtí àgbà máa ń to ife wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, á kẹ̀yìn sí wa, á fi ìdérí ìgò kan bu nǹkan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fítámì ni, bó ṣe sọ fún mi nìyẹn. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ni, wọ́n ti ya bébà ara rẹ̀ kúrò. Mi ò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni mí tí n ó máa bèèrè ọ̀rọ̀ fítámì lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé ń yìn?

Ọmọ kan wà láàárín wọn tí mo máa ń pè ní ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, orí rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń rojọ́ bí àgbàlagbà, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní ikọ́ fée. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá, ìyá rẹ̀ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní Erékùṣù láti tẹ̀ lé e dé kíláàsì. Ó kó ínhélà tí ọmọ náà fi ń mí lé Àǹtí àgbà lọ́wọ́, ó wá wo àwa méjèèjì lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà ti kìlọ̀ fún wa. Kò gbọ́dọ̀ mu oògùn ikọ́ tàbí oògùn ọ̀fìnkìn èyíkéyìí tó ń mú oorun wá. Díẹ̀ báyìí, kò gbọ́dọ̀ mu ún. Àyà rẹ̀ ò lè gbé e. Wọ́n ní ó lè sùn kó má jí."

Àǹtí àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọmọ òun náà ni. Èmi ń mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, ọ̀rẹ́ mi sùn bí àwọn tó kù ṣe sùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ara mi díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ṣẹ̀. Mo fẹ́ràn oúnjẹ. Mi ò ní fi bò. Gbogbo asístáǹtì ló ń jẹ àjẹkù ọmọ, èyí tó bá ní òun kì í jẹ ẹ́, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n tèmi ti di àwàdà fún gbogbo ilé-ìwé. Ààbọ̀ ẹyin, etí búrẹ́dì, ìrẹsì tí ọmọ ti fi ìka tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó ń kọjá mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ní bí ọmọ bá kàn yíjú báyìí, àwo rẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èèyàn tí kò jẹun láàárọ̀ kò ní agbára àtijà.

Tíì nìkan ni n kì í mu, torí pé ó máa ń ti tutù. Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀, òtútù mú mi, ọmọbìnrin kan sì ní ikùn ń run òun, kò fẹnu kan tíì rẹ̀, tó ṣì ń yọ èéfín díẹ̀. Mo gbé e mu tán.

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ lọ. Mo ní kí n jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù, kí n kàn sinmi ojú. Nígbà tí mo máa lajú, kò sí ọmọ kankan mọ́ nínú kíláàsì. Wọ́n ti ká ẹní, wọ́n ti gbálẹ̀ yí mi ká. Àǹtí àgbà jókòó sórí àga kékeré kan níwájú mi, ó ń wò mí, mi ò sì mọ ìgbà tó ti jókòó síbẹ̀.

"Tíì ta lo mu?"

Mo sọ fún un. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi.

"Máa jẹ búrẹ́dì wọn," ló wí, jẹ́jẹ́. "Máa jẹ ìrẹsì wọn. Tíì wọn, fi í sílẹ̀." Ó wá na ọwọ́, ó bá mi tún síkáàfù mi tó ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe, bó ṣe máa ń tún fìlà ọmọ ṣe.

Ní gbogbo ọ̀nà, ẹnu mi gbẹ, orí mi ń fò. Ibi tí mo ti fẹ́ sọdá ní Ìdí-Àràbà ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Fítámì wo ló máa gbé èmi, odidi àgbàlagbà, ṣánlẹ̀ ní ọ̀sán gangan? Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọ̀rẹ́ mi àti ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ. Mo dúró sójú kan náà títí ọlọ́kadà kan fi ń bú mi.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò ṣe nǹkan mìíràn lákòókò oorun ju pé mo jókòó ti orí rẹ̀, tí mo ń wo àyà rẹ̀. Àyà náà á gòkè, á wálẹ̀, á tún gòkè, ìró fínfín kan á máa jáde nínú ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò dúró. Kò ní gòkè, kò ní wálẹ̀. Èmi náà á di èémí tèmi mú. Ìgbà tí mo bá ti ń na ọwọ́ láti mì í ni yóò tún fà á. Mo wo ojú Àǹtí àgbà níbi tó jókòó sí nídìí tábìlì, fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Mo lọ bá Mọ́mì ní ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀ dáadáa.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan tí Àǹtí ń bu sí tíì àwọn ọmọ, oorun ló ń mú wá. Ọmọ tó ní ikọ́ fée yẹn náà ń mu ún."

Kò gbé ojú kúrò lára ìwé tó ń kọ. "Ìdérí kan péré," ló wí.

Mo ti múra àlàyé sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Mi ò múra kankan sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀.

"Mọ́mì, ìyá rẹ̀ sọ pé dókítà ní . . ."

"Ìwọ ni dókítà? Kí wọ́n tó bí ẹ ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní nǹkan yìí. Wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí, wọ́n ń sanra. Ọmọ wo ló ti kú níbí?" Ó wá gbójú sókè. "Àbí ilé lo fẹ́ máa jókòó sí?"

Mo ní rárá, mà. Bí mo ṣe yára sọ ọ́ ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ìyá àgbà ọmọ náà ló máa ń mú un wá láàárọ̀, ìyá arúgbó Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó máa ń kí géètì, tó máa ń kí ògiri. Mo dúró dè é lábẹ́ àtẹ̀gùn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kí wọ́n má di tíì fún un mọ́. Kí wọ́n kàn máa fún un lómi."

"Tíì? Háà, ó fẹ́ràn tíì o. Kí ni tíì ṣe, ọmọ mi?"

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ọwọ́ kan sì bà lé mi léjìká láti ẹ̀yìn, ọwọ́ rírọ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà," ni Àǹtí àgbà wí, "ṣé dáadáa la jí?" Ó gba báàgì ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá arúgbó, kò sì gbé ọwọ́ kejì kúrò léjìká mi títí ìyá náà fi jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí àgbà ń bó ẹyin fún ọmọ kan nígbà tó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. "Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ kọ̀wé sí mi lórí wáàsáàpù lánàá. Ó ní kí ni tíì ṣe. Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo ní asístáǹtì mi ni ebi máa ń pa, pé búrẹ́dì ló fẹ́ kí wọ́n máa dì wá dípò tíì, kó lè rí i jí." Ó fi ẹyin náà sí ọmọ lẹ́nu. "A jọ rẹ́rìn-ín sí i ni."

Mo gbìyànjú láti máa da tíì ọ̀rẹ́ mi nù. Kò sí ibi ìfọwọ́ nínú kíláàsì wa, nẹ́ẹ̀tì sì wà lójú fèrèsé, ni mo bá ń dà á sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ tí èèrà fi tò lọ síbẹ̀, tí wọ́n ṣe ojú ọ̀nà dúdú kan láti ẹnu ilẹ̀kùn. Àǹtí àgbà dúró, ó ń wo àwọn èèrà náà fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń fẹ́ rí ìdí ife ọ̀rẹ́ mi kó tó jókòó.

Ìgbà náà ni mo rántí pé oníjẹkújẹ ni mí. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ife lẹ́nu mi, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni. Mo máa ń jókòó sáàárín ọ̀rẹ́ mi àti tábìlì Àǹtí àgbà, n ó gbé ife rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, n ó sì gbé e mu. N ó fún un ní omi láti inú ike mi.

"Ó dùn?" n ó bi í.

"Kò dùn." Yóò wo ife rẹ̀ tó ṣófo, yóò wo ẹnu mi. "Àǹtí, tìẹ ló dùn."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é. Ní àárín gbogbo àwọn ọmọ tó sùn bí ẹni tí wọ́n kó dànù, òun nìkan ló ń lajú, tó ń já owú etí ẹní, tó ń sọ ìtàn ajá ilé wọn fún mi ní jẹ́jẹ́. Èmi ni mo ń sùn. Mo máa ń fi ìka mi kan sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí n tó lọ, kí n lè mọ̀ tó bá dìde. Mo ń jẹ obì bí awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, mo ń da omi sójú, kò gbà. Wọ́n ń rí mi tí mo ń tòògbé ní àkókò orin, tí mo ń tòògbé lórí ìdúró. Nílé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí bóyá mo lóyún. Àwọn ọmọ tó kù ń kọ́? Mo máa ń bi ara mi. Ikùn kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún wa lójúkojú ni mo mú.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rí i pé oorun náà ń wúwo sí i. Mo rò pé ara mi ló ń rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo rí Àǹtí àgbà níbi kọ́bọ́ọ̀dù, tó bu ìdérí kan sínú ife ọ̀rẹ́ mi, tó tún bu èkejì. Ó fọwọ́ pa ọmọ náà lórí. "Ìwọ, oorun rẹ ò yá mọ́," ló wí fún un. "Jẹ́ n ràn ẹ́ lọ́wọ́." Mo mu ìdérí méjèèjì. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọmọ kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú. Mi ò lè bínú sí i. Wọ́n bi í nílé pé ṣé ó mu tíì rẹ̀, ó ní Àǹtí máa ń mu ún. Wọ́n ní lójoojúmọ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, omi ni wọ́n máa ń fún òun.

Òwúrọ̀ kan ni wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ìyá ọ̀rẹ́ mi wà lórí ìdúró, kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mọ́mì jókòó. Àǹtí àgbà dúró ti fèrèsé, ó ká ọwọ́ méjèèjì níwájú bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ lò ń mu tíì ọmọ mi?"

"Èmi ni, mà."

"O ò tiẹ̀ sẹ́! Ọmọ aláìsàn! Gbogbo bó ṣe ń rù, mo rò pé àìsàn rẹ̀ ni. Ṣé o ò lẹ́rù Ọlọ́run ni?"

Mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, láti orí ìgò tó dé orí ìdérí méjì, ọ̀rọ̀ ń kọ lu ara wọn lẹ́nu mi. Mo ní kí wọ́n lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù. Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín kékeré kan tó ń dunni. "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ká a mọ́, ó wá ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù." Omi ló gba ojú Àǹtí àgbà. Ìyá náà rí omi ojú yẹn, ó rí èmi tí mo ń pariwo tí ojú mi pọ́n nítorí àìsùn òru àti oorun ọ̀sán, mo sì rí i níbi tó ti yan ẹni tó máa gbà gbọ́.

Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi. Mo ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí ìyá náà ṣí báàgì, tó gbé fíláàsì kékeré ọmọ rẹ̀ jáde, tó fi lé Àǹtí àgbà lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Lónìí, ẹ bá mi dúró tì í títí tó máa fi mu ún tán. Èmi fúnra mi ni mo máa wá mú un."

Ìgbà náà ni mo wá rí ohun tí mo ṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti ń mu tíì ọmọ yẹn, kò tíì tọ́ ìdérí méjì wò. Èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni tí kì í sùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bu èkejì sí ife rẹ̀.

Olùṣọ́ géètì tì mí síta, ó sì ń bẹ̀ mí bó ṣe ń tì mí. Mo dúró lábẹ́ ibòji ilé fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì. Mi ò ní nọ́ńbà ìyá náà. Mo ro ọlọ́pàá, mo sì ro ohun tí wọ́n máa bi mí, àti ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Mo ń gbọ́ kíláàsì wa lókè: wọ́n kọrin, wọ́n ka nọ́ńbà, wọ́n pariwo oúnjẹ. Mo ń fi etí wá ohùn ọ̀rẹ́ mi láàárín wọn. Ẹnì kan fa kọ́tìnnì. Kò pẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ojú fèrèsé yẹn. Mo pariwo láti ibi tí mo wà, mo ní, "Ẹ jí i o! Ẹ jí i!" Àwọn tó ń kọjá wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ń yí. Fọkanáísà ní kí n rọra, pé iṣẹ́ mìíràn á wá.

Kí agogo ìparí tó lù ni mọ́tò ìyá náà ti dé. Géètì ṣí, Àǹtí àgbà gbé ọmọ náà jáde léjìká. "Ó sùn, mà. Ó mu ún tán." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Èmi ti sọdá títì nígbà náà, mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i."

"Ìwọ yìí ṣì wà níbí?"

"Ẹ kàn jí i. Tó bá jí, ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n mú mi."

"Ẹ má dá a lóhùn, mà," ni Àǹtí àgbà wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo rò pé kó lè dójú tì mí ló ṣe jí i. Ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ díẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀. Ó tún pè é. Ó fi oríkì pè é, èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi pè é láàárọ̀ níbi àtẹ̀gùn. Orí ọmọ náà yí láti èjìká kan sí èkejì bí orí ọmọláńgidi, ètè rẹ̀ kò rí bí ètè ọmọ mọ́. Ó mì í. Ó tún mì í. Ó yíjú padà láti bi Àǹtí àgbà, ṣùgbọ́n géètì ti padé, a sì ń gbọ́ tí wọ́n ń fa irin rẹ̀ láti inú.

Ó wá wò mí.

"Kí ni wọ́n fún ọmọ mi?"

Mo tún sọ ọ́, ní ṣókí lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ wọlé. Ẹ bá mi gbé e dání." Ó wa mọ́tò náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ó ń tẹ fèrè láìdá ọwọ́ dúró. Mo gbé ọ̀rẹ́ mi jókòó sí orí itan mi, mo gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti àyà mi, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sí àyà tirẹ̀.

"Ó ń mí?"

"Ó ń mí, mà."

Ní gbogbo ibi tí eré mọ́tò bá ti dínkù díẹ̀ ló tún ń bèèrè, tí mo sì ń dáhùn. Nítòsí ọsibítù, ó bèèrè, mi ò dáhùn. Àyà náà ti wálẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, mo sì ń dúró de ìgbà tó máa gòkè. Ó tẹ búréèkì láàárín títì, ó yí ara padà pátápátá lórí ìjókòó rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ojú mi pàdé. Àwọn mọ́tò ń bú wa lẹ́yìn.

Ọmọ náà fà á, fínfín.

Mo ní, "Ó ń mí, mà," ó sì tún tẹ mọ́tò náà lọ.